Kálà gbígbóná: bí ẹ ṣe lè dín àkàrà ìrẹsì àwọn obìnrin dúdú New Orleans, àti kọfí tó ń bá a rìn

“Belles calas, tout chauds!” Ìpolówó ọjà nìyẹn, kò sì jìnnà sí ohun tí alákàrà ń ké láàárọ̀ ládùúgbò wa: kálà tó dáa rèé, ó gbóná fẹlifẹli. Àwọn obìnrin dúdú ló ń ké e ní òpópónà New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, láti ayé oko ẹrú títí wọ àwọn ọdún 1900. Abọ́ á wà lórí, aṣọ funfun á bò ó, ooru á máa rú yọ létí aṣọ. Àkàrà ló wà nínú abọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀wà. Ìrẹsì ni, èyí tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ pátápátá, tí wọ́n fi yíìsì wú, tí wọ́n po ẹyin, ṣúgà àti fùláwà díẹ̀ mọ́, tí wọ́n wá dín nínú ọ̀rá jíjìn. Ṣúgà ẹlẹ́bú ni wọ́n ń gbọ̀n lé e lórí, kọfí onímílíìkì ni wọ́n sì fi ń tì í wọ ọ̀fun.

Ẹni tó bá ti dín pọfupọfu rí kò ní bẹ̀rù kálà. Síbẹ̀, ibi mẹ́ta ló ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́: ìrẹsì tí kò rọ̀ tó, yíìsì tó ti kú, àti òróró tí ìgbóná rẹ̀ kò ṣe déédéé. Ibi mẹ́ta yìí la máa pẹ́ sí jù. A ó sì máa sọ ìdí tí àwọn tó ni ín fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, torí pé òfin àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó bí ìlànà yìí.

Ìdí tó fi jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú

Ní 1724, òfin tí ọba Faransé ṣe fún Louisiana, tí wọ́n ń pè ní Code Noir, kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹrú ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Òfin náà kò láàánú rárá. Ẹgba àti irin gbígbóná ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni àwọn obìnrin náà rí dì mú. Wọ́n á ti se ìrẹsì lálẹ́ Sátidé, á wú mọ́jú, wọ́n á dín in ní ìdájí, wọ́n á sì wà nítòsí Kàtídírà St. Louis nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jáde ní Máàsì. Àwọn oníbàárà wọn kì í ṣe ẹni tí ebi ò pa: lásìkò yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba ara Olúwa kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ láti ọ̀gànjọ́ òru. Kò sí ibi tó dára ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ẹni tó gbé àkàrà gbígbóná lórí.

Owó tó bá wọlé, olówó ẹrú máa ń gba tirẹ̀ níbẹ̀, obìnrin náà á sì fi ìyókù pamọ́. Nígbà tí ìlú náà wà lọ́wọ́ Spain, títí di 1803, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní coartación: ẹrú lè ní kí wọ́n dá iye owó lé òun, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ títí á fi di òmìnira. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gba òmìnira nílùú náà lásìkò yẹn, ọjà títà sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà rí owó ọ̀hún: kálà, kọfí, ẹ̀fọ́, dídùn oríṣiríṣi. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ra Louisiana, ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún, nígbà tó sì di 1857 òfin ìpínlẹ̀ náà dí i pa pátápátá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí àwòrán àtijọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, gèlè orí wọn náà ní ìtàn tirẹ̀. Gómìnà Esteban Miró ló pàṣẹ ní 1786 pé kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú máa bo irun wọn, kí wọ́n má bàa figagbága pẹ̀lú àwọn òyìnbó obìnrin. Wọ́n bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ aláràbarà ni wọ́n fi wé e, wọ́n sì wé e ga débi pé ìjìyà náà di fáàrí.

Ní ti orúkọ, ìwé atúmọ̀-èdè Merriam-Webster so “cala” mọ́ “kárà” nínú èdè Tápà, ìyẹn àkàrà. Aládùúgbò wa ni Tápà, ẹ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún yín. Kí a má sì sọ ọ́ ju bó ṣe jẹ́ lọ: ìlú odò Senegal àti Gambia ni púpọ̀ nínú àwọn tí Faransé kó lọ sí Louisiana ti wá, àwọn tó mọ ìrẹsì gbìn dáadáa. Ní 1719, nígbà tí ọkọ̀ ẹrú àkọ́kọ́ dé ibẹ̀, àṣẹ tí wọ́n fún ọ̀gákọ̀ ni pé kó ra irúgbìn ìrẹsì, kó sì mú àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín dání. Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrú Louisiana, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó ti Bahia, níbi tí àkàrà wa ti di acarajé, tí ìjọba Brazil sì forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sílẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá.

Ohun tí ẹ máa nílò

Èyí á tó nǹkan bíi kálà 24, ìyẹn èèyàn mẹ́fà tí kò jẹun jù.

- ìrẹsì funfun, gíráàmù 100 (ìdajì kọ́ọ̀pù), pẹ̀lú omi kọ́ọ̀pù 3 láti fi sè é
- yíìsì gbígbẹ, ṣíbí ìmutíì 1 (gíráàmù 3), àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 60
- ẹyin 3
- ṣúgà, gíráàmù 50
- iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì
- nutmeg tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, ìdajì ṣíbí ìmutíì
- fùláwà, gíráàmù 125, kí ẹ sì ní gíráàmù 40 mìíràn nítòsí
- òróró ẹ̀pà tàbí òróró mìíràn tí kò ní òórùn, lítà kan àbọ̀
- ṣúgà ẹlẹ́bú láti fi gbọ̀n sí i

Bí ẹ kò bá rí ṣúgà ẹlẹ́bú rà, ẹ lọ ṣúgà kọ́ọ̀pù kan pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun kan ìyẹ̀fun àgbàdo funfun nínú ẹ̀rọ ìlọta gbígbẹ. Ìyẹ̀fun yẹn ni kò ní jẹ́ kó dì.

Ìwọ̀n tó péye báyìí kì í ṣe ti àwọn tó ni ín. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òfin ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé. Abby Fisher, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tí ìwé oúnjẹ rẹ̀ jáde ní San Francisco ní 1881, kò mọ̀ọ́kọ kò mọ̀ọ́kà. Ẹnu ló fi sọ gbogbo rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fi kọ ọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Picayune ní New Orleans tẹ ìwé oúnjẹ Creole, ìyẹn oúnjẹ ìbílẹ̀ ìlú náà, jáde ní nǹkan bí 1900, ìlànà kálà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó ń dín in kò sí níbẹ̀. Ó di 1939 kí Lena Richard, obìnrin dúdú alásè láti ìlú yẹn kan náà, tó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé oúnjẹ Creole jáde ní orúkọ ara rẹ̀. Ní 1949 ó ti ń se oúnjẹ lórí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WDSU, nígbà tí òfin kò tíì gbà kí dúdú àti funfun jókòó jẹun pọ̀ ní ilé oúnjẹ ìlú náà.

Ìrẹsì

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ìrẹsì tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọn kò bọ̀ kí wọ́n tó bó o. Ìrẹsì alápò tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, tí hóró rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra, bíbọ̀ ni wọ́n bọ̀ ọ́: ooru ti kọ́kọ́ mú inú hóró náà le kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ lè sè é fún wákàtí kan kó má fọ́. Nígbà tó bá dé inú òróró, hóró kọ̀ọ̀kan á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ohun tó bá sì yọ síta á gan bí èkúrọ́. Ní Nàìjíríà, ìrẹsì tùwó ni kí ẹ béèrè lọ́jà. Ní Amẹ́ríkà, ìrẹsì funfun Louisiana lásán dára, ìbáà jẹ́ elẹ́yọ gígùn tàbí ti àárín, bí wọn kò bá ṣáà ti kọ “parboiled” sí ara rẹ̀.

Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré; iyanrìn ni ẹ fẹ́ yọ, kì í ṣe ohun tó ń mú un lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́ọ̀pù 3 hó, ẹ da ìrẹsì sí i, ẹ dín iná kù, ẹ má dé e pa. Ìṣẹ́jú 30 sí 35 ló máa gbà. Láti ìṣẹ́jú 20 lọ, ẹ máa rò ó látìsàlẹ̀, torí ìgbà yẹn ló máa ń fẹ́ jóná. Ẹ mú hóró kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì: bí ẹ bá ṣì rí kókó funfun bín-ín-tín láàárín rẹ̀, kò tíì jinná. Ó gbọ́dọ̀ yọ́ lọ́wọ́ yín pátá. Ẹni tó ń se ìrẹsì fún ọ̀bẹ̀ á ní ẹ ti bà á jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ń lọ.

Ẹ sẹ́ omi tó bá ṣẹ́kù dànù, ẹ má fi omi tútù ṣàn án. Ẹ fi ọmọrogùn tàbí ẹ̀yìn ìgbákọ tẹ̀ ẹ́ kó fọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ lè máa rí hóró díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lo ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀rọ yẹn á sọ ọ́ di ohun tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù, kálà náà á wá dà bíi pọfupọfu tó wúwo, èyí tí kò sẹ́ni tó nílò. Kọ́ọ̀pù kan àbọ̀ ló yẹ kí ẹ ní.

Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè kí ooru rẹ̀ tètè lọ. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ fi ọrùn ọwọ́ kàn án: kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíìsì, àti ewu tó wà nínú ìrẹsì mọ́jú

Omi tí ẹ máa da yíìsì sí kò gbọ́dọ̀ ju 40°C lọ. Bó bá fi máa tó 60°C, yíìsì ti kú, kò sì sí àjíǹde fún un. Ẹ da yíìsì sí omi náà pẹ̀lú ṣúgà fíńńfín, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10. Ìfófòó gbọ́dọ̀ bò ó lójú. Bí kò bá fófòó, ẹ dà á nù. Ẹyin mẹ́ta wọ́n ju yíìsì ṣíbí kan lọ. Ẹ pò ó mọ́ ìrẹsì. Ẹ má fi iyọ̀ sí i nísinsìnyí, torí iyọ̀ máa ń dí yíìsì lọ́wọ́.

Àwọn àgbà New Orleans máa ń bo ìrẹsì oníyíìsì yìí mọ́jú ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Kíkan díẹ̀ tó bá kan ló ń fún kálà ní adùn tí kò sí nínú ti kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ má fi í síta mọ́jú. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus máa ń wà nínú ìrẹsì. Sísè kì í pa irúgbìn rẹ̀. Bí ìrẹsì sísè bá wà nínú ooru fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò náà á hù, á sì tu oró sí i, oró ọ̀hún sì jẹ́ irú èyí tí òróró gbígbóná kò lè pa. Èébì ni yóò kọ́kọ́ mú wá, láàárín wákàtí mélòó kan. Ooru Èkó kì í ṣe ooru tí èèyàn ń fi èyí dán wò.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ adùn àtijọ́, ẹ da ìrẹsì oníyíìsì náà sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, kó má ki ju ìka mẹ́ta lọ, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì lójú ẹsẹ̀, kó sùn síbẹ̀ fún wákàtí 8 sí 12. Yíìsì á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iná yín kò bá ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ gba ọ̀nà kejì: ẹ bò ó síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ péré, kí ẹ wá bọ́ sórí pípò. Kò ní kan, ṣùgbọ́n á wú.

Pípò

Bó bá jẹ́ inú fíríìjì ló sùn, ẹ gbé e síta ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ẹ lu ẹyin mẹ́ta nínú abọ́ mìíràn fún ìṣẹ́jú méjì títí á fi ru. Ẹ fi ṣúgà, iyọ̀ àti nutmeg sí i, ẹ dà á sórí ìrẹsì, ẹ pò ó. Ẹ wá fi asẹ́ ku fùláwà gíráàmù 125 sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bó ṣe máa ki ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kó ki ju ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ, kó sún mọ́ ẹ̀wà àkàrà. Ẹ bu ṣíbí kan, ẹ gbé e sókè, ẹ dà á: bó bá já bọ́ ní ìṣù, ó pé. Bó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi fùláwà ṣíbí ìjẹun kan kún un, ẹ tún un dán wò. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ ni omi tó ṣẹ́kù lára ìrẹsì, òun la ṣe ní kí ẹ ní gíráàmù 40 nítòsí. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dà sí i láìwò. Fùláwà tó pọ̀ jù á bo ìrẹsì mọ́lẹ̀, búrẹ́dì dídín lẹ máa jẹ.

Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 30 kó tún wú. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí ihò wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣìn-ìn bí ẹ bá ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe lù ú mọ́ láti ìgbà yìí lọ. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ ń tọ́jú.

Dídín

Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò láyé ọjọ́un. Òróró ẹ̀pà ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Epo pupa kò bá a mu. Adùn rẹ̀ á bo nutmeg mọ́lẹ̀. Ẹ lo ìkòkò jíjìn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, kí òróró ga tó sẹ̀ǹtímítà 7, kó má sì kọjá ìdajì ìkòkò.

Ìgbóná tí ẹ ń wá ni 180°C sí 185°C. Bí ẹ kò bá ní ohun ìwọ̀n, ẹ jù ú díẹ̀ tó tó èékánná sínú òróró, kí ẹ máa kà. Bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ tó pẹ́ níbẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Bó bá ta sókè lójú ẹsẹ̀ tó sì pọ́n kí ẹ tó ka mẹ́wàá, ó ti gbóná jù. Èyí tó dára á rì díẹ̀, á léfòó ní bíi kíka mẹ́ta, òróró á sì máa hó yí i ká láìpariwo.

Ṣíbí ìjẹun méjì lẹ máa lò. Ẹ ti ọ̀kan bọ inú òróró kó má bàa lẹ̀, ẹ fi bu u, ẹ fi èkejì tì í wọlé ní ìtòsí òróró, ẹ má jù ú látòkè. Ẹ kọ́kọ́ dín ẹyọ kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì, ẹ yí i padà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá tíì yí. Ìṣẹ́jú méjì sí i, ẹ yọ ọ́. Ẹ ya á sí méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí oyin ìgbẹ́, kó rí ṣákaṣàka, kó ní ẹ̀ka kéékèèké tó ti gan níbi tí hóró ìrẹsì yọrí sí. Inú rẹ̀ á funfun, á rọ̀, ihò á wà nínú rẹ̀, ooru á sì gbé òórùn nutmeg wá sí yín nímú. Bí inú rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dín iná kù díẹ̀, kí ẹ sì máa bu ú kéré sí i. Ẹ má dín ìyókù kí ẹ tó yanjú ẹyọ kan yìí.

Márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan tó. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá sí i, òróró á tutù wọ̀ọ̀, kálà á sì mu ún yó. Láàárín dídín kan sí èkejì, ẹ yọ èérún tó bá ṣẹ́kù kó má bàa jóná mọ́ ìyókù lára, ẹ jẹ́ kí òróró tún gbóná padà.

Orí asẹ́ onírin ni kí ẹ yọ ọ́ sí. Orí bébà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti máa ń rọ̀ torí ooru kò rí ibi gbà jáde. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gbọ̀n ṣúgà sí i: bí òróró bá ṣì wà lójú rẹ̀, ṣúgà á yọ́ di omi, bó bá sì ti tutù, kò ní lẹ̀.

Bó bá bàjẹ́

Kó tú sínú òróró ló máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Àkàrà á tú sépo ní tòótọ́. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ó lè jẹ́ pé àpòpọ̀ náà ṣàn jù, tàbí kí ìrẹsì náà jẹ́ alápò bíbọ̀ tí kò fọ́. Ti àkọ́kọ́ lóògùn: fùláwà ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un dán wò. Ti ìkejì kò lóògùn nínú ìkòkò; ẹ lọ wá ìrẹsì mìíràn.

Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúdú tí inú rẹ̀ sì tutù, òróró gbóná jù, tàbí kẹ́ ẹ ti fi ṣúgà kún èyí tí a kọ. Ṣúgà ló máa ń kọ́kọ́ jóná. Ẹni tó fẹ́ràn dídùn kó gbọ̀n ọ́n sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá wúwo bí òkúta tí kò ní ihò, yíìsì ló kú, tàbí kẹ́ ẹ ti lu àpòpọ̀ náà lẹ́yìn tó wú. Bó bá ń kan jù, tó ń rùn bí ọtí, ó ti pẹ́ jù. Ẹ má jẹ ẹ́.

Ti kíákíá

Ìrẹsì sísè tó ṣẹ́kù nínú fíríìjì láti àná, kọ́ọ̀pù 2, ẹyin 2, fùláwà ṣíbí ìjẹun 6, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 3, baking powder ṣíbí ìmutíì 2, iyọ̀ àti nutmeg díẹ̀. Ẹ tẹ ìrẹsì náà dáadáa, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ dín in lójú ẹsẹ̀. Bó bá jókòó ju ìṣẹ́jú 15 lọ, agbára baking powder á ti lọ. Ọ̀pọ̀ ilé Creole aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe é báyìí láàárọ̀ Mardi Gras, ọjọ́ àríyá tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, tàbí lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ gba ara Olúwa. Ó dùn, ọmọdé kì í kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kíkan fẹ́ẹ́rẹ́ tí yíìsì ń mú wá kò sí níbẹ̀.

Kọfí Rose Nicaud

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, obìnrin ẹrú kan tó ń jẹ́ Rose Nicaud ń ti kẹ̀kẹ́ kọfí kiri ládùúgbò ọjà New Orleans láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Òun ni ìtàn ìlú náà kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ta kọfí bẹ́ẹ̀ ní òpópónà. Ó fi owó rẹ̀ ra òmìnira ara rẹ̀, ó sì wá ní ìsọ̀ nínú ọjà tí wọ́n ń pè ní French Market. Àwọn obìnrin dúdú mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ṣíkọ́rì tó wà nínú kọfí New Orleans lónìí jẹ́ gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀. Àwọn Faransé ló mú àṣà rẹ̀ wá, ó sì gbilẹ̀ sí i nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ogun dí èbúté tí kọfí sì wọ́n. Kò ní kaféènì, ó korò, ó sì ní adùn kan bíi ṣúgà tí iná rà.

Fún èèyàn mẹ́rin: kọfí tí wọ́n yan dúdú, gíráàmù 45, ṣíkọ́rì, gíráàmù 15, omi, mílílítà 500, mílíìkì tútù, kì í ṣe ti agolo, mílílítà 500. Ẹ po kọfí àti ṣíkọ́rì sínú asẹ́ aláṣọ lórí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ wá máa da ṣíbí méjì méjì sí i lórí. Ẹ dúró kó jo tán kí ẹ tó da òmíràn. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan, omi á sá kọjá láìmú nǹkan dání. Ẹ má sì gbé kọfí jíjò náà padà sórí iná kó hó, á korò dé gógóńgó.

Nígbà tí kọfí ń jò, ẹ gbé mílíìkì ka iná kékeré. Bí etí rẹ̀ bá ti ń fófòó wẹ́wẹ́ tí ooru ń rú, ní bíi 80°C, ẹ sọ̀ ọ́. Tó bá hó, awọ á bò ó, á sì kún bo sítóòfù. Ẹ mú kọfí lọ́wọ́ kan, mílíìkì lọ́wọ́ kejì, ẹ dà wọ́n pa pọ̀ sínú ife, ìdajì sí ìdajì. Ṣúgà wà fún ẹni tó bá fẹ́. Kálà ti ní tirẹ̀.

Kálà tó bá ṣẹ́kù, ẹ má gbọ̀n ṣúgà sí i. Ẹ fi í sínú fíríìjì lẹ́yìn tó bá tutù, kó má ju ọjọ́ kejì lọ. Ẹ tún un mú gbóná nínú ààrò 170°C fún ìṣẹ́jú 6 sí 8, ẹ wá gbọ̀n ọ́n. Máíkíróówéfù á sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di rírọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.